Abo Ẹṣin Tí Ràfátù Rà ní Ojoku

Ràfátù kò tíì bá ẹni tó ni ẹṣin náà sọ̀rọ̀ iye tó fẹ́ tà á tó fi ti ọwọ́ bọ abẹ́ gọ̀gọ̀ rẹ̀. Abo ẹṣin ni, pupa bí obì, ọmọ ọdún mẹ́fà, wọ́n so ó mọ́ ìdí igi kaṣú kan lẹ́yìn ilé ní Ojoku. Ọwọ́ rẹ̀ rìn láti ọrùn ẹṣin náà dé èjìká, ó sì dúró. Irun ibẹ̀ kò rí bíi ti ibi yòókù. Ó kúrú, àwọ̀ rẹ̀ mọ́ díẹ̀ ju ti ara yòókù lọ, ó sì ṣe róbótó bí ẹnu ife tíì. Ó wá òmíràn kiri, ó rí i ní ẹ̀yìn, níbi tí gàárì máa ń jókòó sí. Ó tún rí ẹ̀kẹta.

"Taofeek," ó ní, láìyíjú, "kí ló ṣe ara ẹṣin yìí?"

Taofeek, àgbẹ̀ oníṣu tó fẹ́ ta ẹṣin náà, kò sá fún ìbéèrè yẹn. "Àǹtí, mi ò ní í parọ́ fún yín. Làpálàpá ló mú un lọ́dún tó kọjá, nígbà tí òjò pọ̀. A fi oògùn wẹ̀ ẹ́, ó lọ. Ẹ ṣáà wò ó, irun ti hù padà."

"Ta ló fún yín lóògùn?"

"Ọkùnrin kan tó ń ta oògùn ẹran lọ́jà ni. Inú ike funfun ló wà. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀."

Ràfátù yọ ọwọ́ kúrò lára ẹṣin náà, ó lọ sídìí garawa omi tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ méjèèjì títí dé ìgúnpá. Inú Taofeek kò dùn sí i.

Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta ni Ràfátù. Aṣọ ilé-ìwé ló ń rán, ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ojú irin rélùwéè ní Ọ̀fà, ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ló sì ní. Àmọ́ inú ilé ẹlẹ́ṣin ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀, Bàbá Ràímì, ti ń sin ẹṣin kó tó fẹ́ ìyá rẹ̀. Bí ọdún Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn olórí agbo ilé tó bá fẹ́ gun ẹṣin lọ sí yídì máa ń wá. Àwọn ọmọkùnrin ilé ti lọ sí Èkó àti Àbújá, wọn kò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹṣin mọ́. Nígbà tí ọkọ Ràfátù kú tó padà sílé bàbá rẹ̀, ẹṣin kan ṣoṣo ló bá níbẹ̀, akọ ẹṣin tó ń jẹ́ Sùúrù. Sùúrù ti lé lógún ọdún. Eyín rẹ̀ ti ń lọ, eèrí tí wọ́n fi omi pò nìkan ló lè jẹ dáadáa. Ràfátù mọ̀ pé ọjọ́ tí Sùúrù bá kú, iṣẹ́ náà ti parí nínú ilé wọn. Ìdí nìyẹn tó fi ń kó owó aṣọ tó ń rán pa mọ́ fún ọdún mẹ́ta, tó ń wá ẹṣin tí yóò rà.

Ẹni tó bá mọ ẹṣin mọ̀ pé làpálàpá kì í pa á. Ṣùgbọ́n ó máa ń fò. Láti ara ẹṣin ló ti ń bọ́ sára ẹṣin, ó sì ń bọ́ sára ọmọ ènìyàn tó bá gbá a mọ́ra. Ẹṣin tó dára tó báyìí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gún, tí ojú rẹ̀ mọ́, tí kì í tàpá, Ràfátù kò rí irú rẹ̀ ní iye tí agbára rẹ̀ ká láti ìgbà tó ti ń wá a. Ó sì mọ̀ pé àwọn òrùka mẹ́ta yẹn ló sọ iye rẹ̀ di ohun tí agbára òun ká.

Ó pe Dókítà Roseline. Dókítà ẹran ni obìnrin náà, ará Oǹdó, ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ìlera ẹran ọ̀sìn ní pólì, ó sì máa ń bá àwọn èèyàn ìlú wo ẹran wọn lọ́jọ́ tí kò bá ní kíláàsì. Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì jọ lọ sí Ojoku. Dókítà wọ ìbọ̀wọ́, ó fi tọ́ọ̀ṣì wo ara ẹṣin náà láti etí dé pátákò. Ó fa irun díẹ̀ tu ní eteetí àwọn òrùka náà, ó fi abẹ ha èépá awọ díẹ̀ lé e, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò ìwé.

"Mummy Nàfísàt," ó ní, nítorí orúkọ ọmọ Ràfátù ló fi máa ń pè é, "lójú, ó ti sàn. Àmọ́ ojú kò tó ọ̀rọ̀ yìí. Awọ lè jinná kí àrùn ṣì wà nínú irun. Láàbù ló máa sọ. Ó máa tó ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀ kí wọ́n tó lè dá wa lóhùn."

Taofeek gbọ́ ìyẹn, ó mi orí. "Ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀ kọ́, Àǹtí. Ọkùnrin kan ń bọ̀ láti Ìlọrin lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ti rí i nínú fóònù, ó ní òun máa mú un. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé, ìyẹn ni mo ṣe ń sọ fún yín."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn. Ràfátù padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó sì rán apá aṣọ mẹ́rin lódì kó tó mọ ohun tó ń ṣe. Ó tú wọn, ó tún wọn rán. Bí ó bá dúró de láàbù, ẹṣin lọ. Bí kò bá dúró, tí láàbù sì sọ ohun tí kò fẹ́ gbọ́, ó ti kó àìsàn wọlé ba ẹṣin kan ṣoṣo tó ní, Iléyá sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mọ́gàjí agbo ilé kan tó lórúkọ ní ìlú ti ní kó mú ẹṣin méjì wá fún òun àti àbúrò òun lọ́dún yìí. Ó ti ní òun á mú wọn wá, nígbà tó jẹ́ pé ẹṣin kan ló ní.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó pe Dókítà Roseline. "Mo fẹ́ rà á," ó ní.

Dókítà dáhùn. "Tí ẹ bá máa rà á, ẹ má jẹ́ kó rí ẹṣin yín fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. Kó ní garawa tiẹ̀, kó ní búrọ́ọ̀ṣì tiẹ̀, okùn tiẹ̀. Aṣọ tí ẹ bá wọ̀ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ má wọ̀ ọ́ dé ọ̀dọ̀ èkejì. Ohunkóhun tó bá kan ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ti Sùúrù."

"Mo gbọ́, Dókítà."

Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré ló gbé ẹṣin náà wọ Ọ̀fà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Taofeek fi gàárì rẹ̀ ṣe èènì, pẹ̀lú aṣọ abẹ́ gàárì kan tó pupa fòò, tí wọ́n fi òwú aláwọ̀ wúrà ṣe ọ̀nà sí létí. Lẹ́yìn ilé wọn pátápátá ni ahéré bíríkì kan wà, tí wọ́n máa ń kó èédú sí tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni Ràfátù so abo ẹṣin náà sí. Gàárì àti aṣọ rẹ̀, ó gbé wọn sórí ìgànná nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí gbogbo ẹrù ẹṣin wọn máa ń wà, ó ní tí òun bá ráyè òun á fọ̀ wọ́n. Kò ráyè. Aṣọ ilé-ìwé sáà tuntun kún ṣọ́ọ̀bù.

Ó pa gbogbo òfin yòókù mọ́. Ó ní búbà kan tó ń wọ̀ lọ sí ahéré, ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ló ń bọ́ ọ sí. Láràárọ̀ ló ń tú irun ẹṣin náà wò bí ìyá tó ń wá iná lórí ọmọ. Abo ẹṣin náà á yán láti ẹ̀yìnkùlé, Sùúrù á dá a lóhùn láti iwájú ilé, títí ọ̀nà ọ̀fun wọn á fi gbẹ.

Bàbá Ràímì kò fẹ́ràn ìyàsọ́tọ̀ náà. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣú, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ dá ṣáká. "O fi ẹran sẹ́wọ̀n," ó ń sọ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. "Ẹṣin kì í dá gbé."

"Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ pé, Bàbá."

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, fóònù dún nígbà tí Ràfátù ń gé aṣọ. Dókítà Roseline ni. "Èsì ti dé. Wọn ò rí nǹkan kan. Ẹṣin yín mọ́."

Ràfátù rọra jókòó sórí àpótí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Dókítà, ó sì gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀. Ó ti ṣọ́ra títí. Ó rò pé ó ti bọ́.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, ó lọ fi búrọ́ọ̀ṣì nu Sùúrù. Búrọ́ọ̀ṣì náà kọ́ nǹkan lẹ́yìn ẹṣin, irun sì ṣí bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni já koríko tútù. Abẹ́ rẹ̀ rí bí èépá, ó funfun, ó yí róbótó. Ràfátù wò ó, ó rí méjì sí i nítòsí rẹ̀. Ó sún sẹ́yìn. Ó ń ro gbogbo ọjọ́ méjìdínlógún náà lọ́kọ̀ọ̀kan, garawa, okùn, búbà, ọwọ́ rẹ̀, kò sì rí ibi tó ti ṣìṣe. Àfi ìgbà tó gbójú sókè tó rí aṣọ pupa náà lórí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí Sùúrù ń dùbúlẹ̀ sí.

"Bàbá," ó pè, "ta ló gbé aṣọ yìí síbí?"

Bàbá Ràímì wà lórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Èmi ni. Òjò tó rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún, ara Sùúrù ń gbọ̀n. Mo fọwọ́ bà á, aṣọ náà nípọn, ó móoru dáadáa, mo sì fi bò ó. Àràárọ̀ ni mo ń ká a kúrò."

Ràfátù kò lè bínú sí i. Òun ló gbé aṣọ náà sílé.

Dókítà Roseline dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó wo ẹ̀yìn Sùúrù, ó wo aṣọ náà, ó sì gé díẹ̀ nínú rẹ̀ láti fi ránṣẹ́ sí láàbù. "Ṣùgbọ́n mi ò ní láti dúró dè wọ́n kí n tó sọ fún yín," ó ní. "Ẹṣin tó ti sàn lẹ rà. Aṣọ rẹ̀ ni kò sàn. Èmi náà ni mi ò bi yín léèrè gàárì."

Ó kọ oògùn fún wọn, ó ní kí wọ́n máa fi wẹ Sùúrù lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí wọ́n sun aṣọ náà. Ó ní ẹṣin méjèèjì kò gbọdọ̀ jáde nílé títí òun á fi ní kí wọ́n jáde, títí kan èyí tó mọ́, nítorí ọwọ́ kan náà ló ń tọ́jú wọn.

Iléyá ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ràfátù sun aṣọ náà lẹ́yìnkùlé. Lẹ́yìn náà, ó wá jókòó ti bàbá rẹ̀.

"Gàárì á bò ó," Bàbá ní.

"Kí lẹ wí?"

"Ibi tó wà yẹn, gàárì á bò ó. Kò sẹ́ni tó máa rí i. Tí wọ́n bá kírun tán, a mú un wálé, a bẹ̀rẹ̀ oògùn."

"Bàbá, ẹṣin tó máa wà ní yídì lè tó ogún. Wọ́n á máa fara kanra. Àwọn ọmọ kéékèèké á máa fọwọ́ pa wọ́n lára. Mi ò lè ṣe é."

"Wọ́n ti ṣe é rí."

"Ta ló ṣe é?"

Tẹ̀súbáà Bàbá dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ràfátù rí i pé ó fẹ́ kí òun fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Kò fi í sílẹ̀.

"Bàbá, ta ló ṣe é?"

"Èmi ni," Bàbá Ràímì ní. "Ọdún tí o jáde ilé-ìwé girama. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra akọ ẹṣin funfun kan. Iléyá ku ọ̀la ni mo rí i lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti gba iṣẹ́, mo ti ṣèlérí. Mo di gàárì lé e."

Ràfátù rántí ọdún náà. Kò sí ilé ẹlẹ́ṣin kan ní Ọ̀fà tí làpálàpá kò wọ̀. Òun náà ní in lọ́rùn, ìyá rẹ̀ sì gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ kanlẹ̀. Ó rántí bí àwọn ẹlẹ́ṣin ṣe ṣèpàdé nínú ọgbà wọn, tí wọ́n ní ẹṣin àlejò kan tó wá láti òkè ọya ló kó o wọ̀lú. Bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, ohùn rẹ̀ wà lára ohùn tó ní àlejò ni.

"Màámi mọ̀?"

"Ìyá ẹ mọ̀."

Ràfátù dìde. Ó lọ pọn omi fún abo ẹṣin.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gun ọ̀kadà lọ sílé Mọ́gàjí. Bàbá olówó ni, ó ń mu ògì lọ́wọ́. Ràfátù kúnlẹ̀, ó kí i, ó sì sọ ọ́ láìyí i po: ẹṣin òun ṣàìsàn awọ ara, òun kò lè mú ìkankan wá.

Mọ́gàjí gbé ife sílẹ̀. "Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ, Ràfátù."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ má bínú."

"Ibo ló wà lára rẹ̀?"

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ni, sà. Abẹ́ gàárì."

Ọkùnrin náà wò ó. Ó yé e pé gàárì lè bò ó. "Ta ló tún mọ̀ síi?"

"Dókítà ẹran. Àti àwa tá a wà nílé."

"Tí mo bá ní kí o mú un wá bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Tí mo ní èmi tí mo fẹ́ gùn ún kò rí nǹkan kan?"

Eékún Ràfátù ti ń dùn ún lórí táìsì. "Mi ò ní í mú un wá, sà."

Mọ́gàjí gbé ife rẹ̀, ó mu ún tán pátápátá kó tó tún sọ̀rọ̀. "Máa lọ sílé," ó ní. "Mo ti gbọ́." Kò ní kó dìde dáadáa, kò sì ní kó bá òun kí bàbá rẹ̀.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìlú ti gbọ́. Àwọn ẹlẹ́ṣin mìíràn pe Ràfátù lórí fóònù, àwọn kan dúpẹ́, òmíràn bi í pé ṣé kò mọ bí wọ́n ṣe ń ra ẹṣin ni. Asiata, oníbàárà rẹ̀ láti ọdún méje, rán ẹnì kan wá gba aṣọ àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò tíì rán. Ó ní kó má bínú, òun ò fẹ́ kí àwọn ọmọ òun kó nǹkan. Ràfátù ká aṣọ náà, ó fi lé onítọ̀hún lọ́wọ́. Lọ́sẹ̀ yẹn, òrùka kan jáde sí òun fúnra rẹ̀ lápá, ó sì ń wọ aṣọ alápá gígùn nínú ooru.

Lọ́jọ́ Iléyá, lẹ́yìn tí àwọn ọkùnrin agbo ilé ti lọ kírun, Ràfátù dúró ti bàbá rẹ̀, tí ẹsẹ̀ kò gbé lọ sí yídì mọ́. Nígbà tí ìrun parí, àwọn ẹlẹ́ṣin gba òpópónà iwájú ilé wọn kọjá. Sùúrù na etí, ó yán. Ọ̀kan nínú wọn dá a lóhùn.

"Mélòó lo rí?" Bàbá bi í.

"Mẹ́rìndínlógún."

"Mọ́gàjí wà lára wọn?"

"Wọ́n wà níbẹ̀. Ẹṣin ará Ìlọrin ni wọ́n gùn."

Oúnjẹ ọdún dé iwájú Bàbá Ràímì. Ó jẹ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mú mi lọ sí Ilemona lọ́la."

Ilemona ni Bàbá Jàmíù wà. Àwọn méjèèjì jọ ń sin ẹṣin nígbà kan rí, kó tó di pé Bàbá Jàmíù fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, tó lọ ń dáko. Kẹ̀kẹ́ ni Ràfátù gbà lọ. Wọ́n bá ọkùnrin náà lórí ẹní lábẹ́ igi máńgòrò, inú rẹ̀ dùn, ó ń ránṣẹ́ kí wọ́n gbé ẹran ọdún wá. Bàbá Ràímì ní kó dúró ná.

Ó sọ ọ́ fún un, bó ṣe sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀, kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ràfátù jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń wo ilẹ̀.

"Akọ funfun yẹn," Bàbá Jàmíù ní. "Ṣé ó sàn?"

"Ó sàn."

"Tèmi ò sàn. Ó ń fara ha ògiri títí ó fi degbò, ìdin wọ̀ ọ́. Àwọn tó ń pa ẹran ni mo tà á fún. Ẹṣin kan ṣoṣo ni mo ní, Ràímì."

"Mo mọ̀."

"O wá kí mi nígbà yẹn. O bá mi jókòó."

"Mo mọ̀," Bàbá Ràímì tún sọ, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. "Mo wá tọrọ àforíjì."

Bàbá Jàmíù ní òun á rò ó. Kò gbé ẹran ọdún fún wọn mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ìrun alásárì tó, ó fa Bàbá Ràímì lọ́wọ́ dé ìdí omi àlùwàlá, wọ́n sì jọ kírun. Lẹ́yìn oṣù kan, òun fúnra rẹ̀ tẹ Ràfátù láago, ó béèrè bí ẹṣin ṣe ń ṣe. Kò sọ ohunkóhun nípa àforíjì. Àmọ́ ó béèrè.

Ó gba Sùúrù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kó tó sàn. Láàbù ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé nínú aṣọ náà ni àrùn wà. Dókítà Roseline fa irun Sùúrù tu lẹ́ẹ̀mejì fún àyẹ̀wò, wọn ò rí nǹkan kan, kó tó ní kí wọ́n mú abo ẹṣin náà jáde nínú ahéré. Nígbà tí wọ́n mú un jáde, ó lọ tààrà sọ́dọ̀ Sùúrù, ó fi imú gbọ́ òórùn ọrùn rẹ̀, àwọn méjèèjì sì dúró bẹ́ẹ̀ láìgbin.

Mọ́gàjí kò tíì padà wá bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀ ẹṣin. Asiata ti dá aṣọ padà. Taofeek, nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, wá láti Ojoku fúnra rẹ̀, ó gbé àpò eèrí kan sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó ní òun kò mọ̀ pé aṣọ lè gbé àrùn pamọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ràfátù gbà á gbọ́, ó sì gba eèrí náà. Lóṣù tó kọjá, ilé-ìwé kan pè é kó mú ẹṣin wá kí àwọn ọmọ lè gùn ún lọ́jọ́ eré wọn. Abo ẹṣin ló mú lọ. Kó tó kúrò nílé, ó fi ọwọ́ tú irun rẹ̀ láti ọrùn dé ìdí nínú oòrùn, ó wò ó dáadáa, kó tó wá di gàárì lé e.